Káàdì Ìkíni Tí A Fi Òǹtẹ̀ àti Bébà Aláràbarà Ṣe

Nínú àwọn iṣẹ́ ọwọ́ tí olùkọ́ lè fi kọ́ àwọn ọmọ, díẹ̀ ni èyí tí ìnáwó rẹ̀ kéré tí ẹ̀kọ́ inú rẹ̀ sì pọ̀ tó ti káàdì ìkíni. Ọmọ tí ó bá fẹ́ ṣe é dáradára ní láti fi rúlà wọn nǹkan, kí ó gé e, kí ó po àwọ̀, kí ó ka iye, kí ó ronú nípa ẹlòmíràn, kí ó sì kọ èdè rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì tí ó yẹ. Síbẹ̀, ohun tí ó sábà máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé a ń fi iṣẹ́ yìí sí ọ̀sẹ̀ tí ó kẹ́hìn sáà, nígbà tí ìdánwò ti parí tí olùkọ́ sì ń wá ohun tí yóò mú kí àwọn ọmọ jókòó jẹ́ẹ́. A ó fi àwòrán kan hàn wọ́n, ilé tí òjò dídì bo òrùlé rẹ̀, tàbí ẹyẹ kékeré aláyà pupa kan tí ẹnikẹ́ni kò rí irú rẹ̀ rí ní àdúgbò wọn, gbogbo kíláàsì yóò sì yà á bákan náà. Iṣẹ́ ti parí, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò tíì kí ẹnikẹ́ni.

A kọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wa tí yóò dúró níwájú kíláàsì láìpẹ́, a sì ń fi í síwájú àwọn olùkọ́ wa kí wọn lè tún un ṣe níbi tí ó bá kù sí. Ohun méjì ni a fẹ́ ṣe. Èkíní ni láti fi hàn bí a ti lè ṣe káàdì tí ó dára láti inú ohun tí ó wà nítòsí wa. Èkejì ni láti fi ìdí òfin kan múlẹ̀, èyí tí a gbà pé òun ni ọkàn iṣẹ́ náà. Òfin náà nìyí: òǹtẹ̀ lè tún àwòrán kan náà tẹ̀ nígbà ogún, ṣùgbọ́n ìkíni gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ẹni tí a ń kí.

I. Bí Káàdì Ìkíni Ṣe Bẹ̀rẹ̀

Ní ọdún 1843 ni a tẹ káàdì Kérésìmesì àkọ́kọ́ fún títà ní ìlú London. Henry Cole ni ó ní kí a ṣe é. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni, ó sì lọ́wọ́ nínú àtúnṣe ètò ìfìwéránṣẹ́ tí ó mú kí ó ṣeé ṣe, láti ọdún 1840, láti fi lẹ́tà ránṣẹ́ sí ibikíbi ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún pẹ́nì kan péré. Ayàwòrán kan, John Callcott Horsley, ni ó ya àwòrán rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún kan ni a tẹ̀; ọwọ́ ni a fi kun àwọ̀ sí wọn, ṣílè kan sì ni iye owó ẹyọ kan. Ní àárín rẹ̀ ni ìdílé kan wà tí wọ́n jókòó yí tábìlì ká tí wọ́n ń mu wáìnì. Ní apá ọ̀tún àti apá òsì ni a rí àwọn tí ń fún tálákà ní oúnjẹ àti aṣọ. Àwọn kan bínú sí káàdì náà nítorí pé a ya ọmọ kékeré tí a ń fún ní wáìnì mu.

Ìdí tí Cole fi ṣe é ni kí a fi ojú sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀, iṣẹ́ rẹ̀ sì pọ̀, kò sì ní àyè láti kọ lẹ́tà ọdún sí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nítorí náà ó mú kí a tẹ ọ̀rọ̀ kan fún gbogbo wọn, kí a sì fi àyè sílẹ̀ lókè fún orúkọ ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí, àti nísàlẹ̀ fún orúkọ ẹni tí ó fi ránṣẹ́. A kò sọ èyí láti bá a wí. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí olùkọ́ mọ̀ pé àìní àkókò ni ó bí káàdì tí a ń tẹ̀, àti pé gbogbo ohun tí a ti ṣe lẹ́hìn rẹ̀ ni ó ń mú kí àkókò náà túbọ̀ kúrú. Lóde òní, ènìyàn lè fi àwòrán kan náà ránṣẹ́ sí ọgọ́rùn-ún ènìyàn lórí ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ kí ó tó dìde lórí ìjókòó rẹ̀. Káàdì tí a fi ọwọ́ ṣe ń gba ọ̀nà mìíràn: àkókò tí a lò lé e lórí jẹ́ apá kan nínú ẹ̀bùn náà.

II. Ìkíni Nínú Èdè Wa

Yorùbá kì í fi ìkíni kan ṣoṣo kí gbogbo ènìyàn. Aláró tí ó wà nídìí ìkòkò aró, a ń kí i ní "Àrẹ̀dú o." Onídìrí tí ó ń di irun, a ń kí i ní "Ojú gbooro o." Ẹni tí ó ń retí ọmọ tàbí ọkọ tí ó lọ sí ìdálẹ̀, a ń kí i ní "Ẹ kú ojú lọ́nà." Ẹni tí ó sọ̀kalẹ̀ láyọ̀, a ń kí òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní "Ẹ kú ewu ọmọ." Bí arúgbó bá kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ni a ń kí ní "Ẹ kú àṣẹ́hìndè"; ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ọ̀dọ́ ni ikú mú lọ, ẹni tí ó bá fi irú ìkíni bẹ́ẹ̀ wọlé yóò dàbí ẹni tí kò ní ìmọ̀. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù" ni yóò sọ, ohùn rẹ̀ yóò sì rẹlẹ̀.

Bí a bá wò ó dáradára, a ó rí i pé kí ènìyàn tó lè kíni ní èdè wa, ó ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tí ó ń ṣe ẹni náà. Ìmọ̀ yìí ni káàdì lè kọ́ ọmọ, bí olùkọ́ bá jẹ́ kí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Káàdì tí ó wí "Ẹ kú ọdún" fún gbogbo ayé kò burú, ṣùgbọ́n ó dàbí ọkùnrin tí ó dúró ní ìkóríta tí ó ń kígbe ìkíni: ẹni tí ó ń kọjá lọ kò mọ̀ bóyá òun ni ó ń kí.

III. Òǹtẹ̀ Ṣáájú Rọ́bà

Kì í ṣe láti òkè òkun nìkan ni àṣà fífi òǹtẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ ti wá. Ní Ntonso, tí kò jìnnà sí Kumasi ní ilẹ̀ Asante, àwọn oníṣẹ́ ọnà máa ń gbẹ́ èèpo igbá sí àmì oríṣiríṣi. Wọn a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe èèkù rẹ̀, wọn a tì í bọ inú omi dúdú kíki tí wọ́n sè láti inú èèpo igi badie, wọn a sì tẹ̀ ẹ́ sára aṣọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan títí aṣọ yóò fi kún. Aṣọ yìí ni a ń pè ní adinkra. Ọ̀kan nínú èyí tí ó pẹ́ jù lọ tí ó ṣì wà ni èyí tí Thomas Bowdich gbà ní ọdún 1817, tí ó wà ní British Museum ní London.

Ní ilẹ̀ tiwa, àwọn aládìrẹ ẹlẹ́kọ ti fi ọ̀nà méjì hàn wá. Ní Ìbàdàn, ìyẹ́ adìẹ ni àwọn obìnrin fi ń ya ọnà pẹ̀lú ẹ̀kọ láfún sára aṣọ kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Ní Abẹ́òkúta, àwọn ọkùnrin gé ọnà sára páànù pẹlẹbẹ, wọ́n sì ń fi ẹ̀kọ gba ojú ihò rẹ̀ kọjá, kí ọnà kan náà lè jáde nígbà púpọ̀. Ẹni tí ó bá wo aṣọ Ìbàdàndùn yóò rí i bí a ti pín gbogbo rẹ̀ sí ìgun mẹ́rin-mẹ́rin, tí ìgun kọ̀ọ̀kan sì ní ọnà tirẹ̀. Nínú ọ̀kan ni a ti ń rí àwọn òpó Gbọ̀ngán Màpó, ilé tí a ṣí ní ọdún 1929. Olùkọ́ tí ó bá mú irú aṣọ bẹ́ẹ̀ wọ kíláàsì kò nílò àpẹẹrẹ mìíràn nípa bí a ti ń pín ojú káàdì.

Ní ti rọ́bà, ọdún 1839 ni Charles Goodyear ní Amẹ́ríkà rí i pé bí a bá po ọ̀dà igi rọ́bà mọ́ imí ọjọ́ tí a sì fi iná sí i, kì í yọ́ nínú oòrùn mọ́, kì í sì í gan nínú òtútù. Ó gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní ọdún 1844, òǹtẹ̀ rọ́bà sì jáde ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́hìn náà. Ìwà rọ́bà ni ó mú kí ó yẹ fún iṣẹ́ yìí: ó rọ̀ tó láti fi ara mọ́ bébà, ó sì le tó láti má ṣe yí padà. Orúkọ iṣẹ́ tí Goodyear ṣe yìí ni àwọn fọkanáísà tí ń lẹ táyà létí ọ̀nà ṣì ń jẹ́ títí di òní, ọ̀dọ̀ wọn náà ni a ó sì ti rí rọ́bà tí a fẹ́ lò.

IV. Ṣíṣe Òǹtẹ̀

Oríṣi òǹtẹ̀ mẹ́ta ni a dámọ̀ràn, gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ orí àwọn ọmọ.

(1) Òǹtẹ̀ tí a kò gbẹ́. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ní ihò nínú. Bí a bá gé e ní gbọọrọ, ẹnu rẹ̀ yóò tẹ òrùka. Ilá tí a gé ní ìbú yóò tẹ òdòdó oníhò. Ìdérí ìgò àti ẹ̀hìn pẹ́ńsù náà wúlò. Àwọn ọmọ kékeré yóò lo ìwọ̀nyí láìsí ọ̀bẹ.

(2) Òǹtẹ̀ ọ̀dùnkún. Kí a gé ọ̀dùnkún sí méjì kí ojú rẹ̀ tẹ́jú, kí a fi aṣọ nù ún kí omi rẹ̀ gbẹ, kí a fi pẹ́ńsù ya àmì sí i, kí a sì gbẹ́ ibi tí a kò fẹ́ kúrò dé ìwọ̀n ìdámẹ́rin íǹṣì. Ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ máa lọ síwájú, kí ó má ṣe kọjú sí ọwọ́ tí ó di ọ̀dùnkún mú. Òǹtẹ̀ yìí kì í pẹ́ ju ọjọ́ kan lọ kí ó tó sunkì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan tó fún ọmọ mẹ́rin. Kí a lo èyí tí ó ti ń bàjẹ́ lára, kí a má ṣe fi oúnjẹ ṣeré.

(3) Òǹtẹ̀ rọ́bà. Kí a tọrọ rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí kò ṣeé lẹ̀ mọ́. Kí a fọ̀ ọ́, kí a fi sísọ́ọ̀sì gé e sí àmì tí a fẹ́, kí a sì fi gọ́ọ̀mù tí àwọn fọkanáísà ń lò lẹ̀ ẹ́ mọ́ igi pélébé kan tí ojú rẹ̀ tẹ́jú. Bí ó bá di ọjọ́ kejì, ó ti le. Òǹtẹ̀ bẹ́ẹ̀ yóò lo ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ní ilé ẹ̀kọ́, bí a bá ń nù ún lẹ́hìn iṣẹ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ sálúbàtà rọ́bà tí ó ti gbó náà dára. Òun a máa mu àwọ̀ dáradára, ó sì rọrùn láti gbẹ́.

Àmì tí ó rọrùn ni ó dára jù: ewé kan, ẹja kan, òṣùpá, ọwọ́ ẹyọ mẹ́ta. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kì í jáde. Ẹwà òǹtẹ̀ kò sí nínú àmì ẹyọ kan. Inú bí a ti tò ó ni ó wà.

Ohun kan wà tí olùkọ́ kò gbọdọ̀ fò. Gbogbo ohun tí a bá gbẹ́ ni yóò yí padà bí ìgbà tí a wo dígí. Kí a jẹ́ kí àwọn ọmọ fúnra wọn rí i. Kí a bi wọ́n pé, nínú àwọn lẹ́tà ńlá inú álífábẹ́ẹ̀tì wa, àwọn wo ni kì í yí padà? Wọn yóò rí i pé mẹ́wàá ni: A, H, I, M, O, Ọ, T, U, W, Y. Kí a wá sọ fún ọmọ tí ń jẹ́ Táíwò pé orúkọ òun dára púpọ̀ fún òǹtẹ̀, nítorí gbogbo lẹ́tà rẹ̀ wà lára àwọn mẹ́wàá náà. Ṣùgbọ́n bí ó bá gbẹ́ TAIWO láti òsì sí ọ̀tún, OWIAT ni yóò rí lórí bébà. Lẹ́tà kò yí padà, ṣùgbọ́n ipò wọn yí padà. Ní ti Kẹ́hìndé, lẹ́tà rẹ̀ àti ipò wọn ni yóò yí.

Àmì ohùn ni ó le jù. Nínú dígí, àmì ohùn òkè a di ti ìsàlẹ̀, ti ìsàlẹ̀ a di ti òkè. Ẹni tí ó bá gbẹ́ Ọ̀WỌ̀ bí a ti ń kọ ọ́, Ọ́WỌ́ ni yóò tẹ̀, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kankan ní èdè Yorùbá. Nítorí ìdí yìí, pẹ̀lú ìdí tí a ti sọ lókè, a gbà pé kí a fi òǹtẹ̀ tẹ ọ̀ṣọ́, kí a sì fi kálàmù kọ ọ̀rọ̀.

V. Bébà Aláràbarà

Kò yẹ kí a ra bébà oníṣẹ́ ọnà nígbà tí a lè ṣe é. Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni èyí tí àwọn tí ń di ìwé ní Jámánì ti lò láti ìgbà pípẹ́: wọ́n a po àwọ̀ mọ́ ẹ̀kọ, wọ́n a fi kun bébà, wọ́n a sì fa ìlà sí i kí ó tó gbẹ. Ní ìdajì kejì ọ̀rúndún kejìdínlógún, àwọn arábìnrin ìjọ Moravia ní Herrnhut, ní ilẹ̀ Saxony, ṣe irú bébà yìí tí ó dára tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn adìwé fi ń wá a kiri, orúkọ ìlú náà ni a sì fi ń pè é títí di òní. Láti Herrnhut kan náà ni àwọn míṣọ́nnárì ìjọ wọn ti ń lọ sí ọ̀nà jíjìn. Ó dùn mọ́ wa láti rí i pé ohun tí àwọn wọ̀nyí fi ṣe bébà àti ohun tí àwọn ìyá wa fi ṣe àdìrẹ jẹ́ ọmọ ìyá: ẹ̀kọ ni àwọn méjèèjì.

Bí a ti ń ṣe é nìyí. Kí a fi asẹ́ yọ ìyẹ̀fun láfún kí ó kúnná. Kí a po ṣíbí ìjẹun mẹ́rin rẹ̀ pẹ̀lú omi tútù díẹ̀ títí kò fi ní kókó mọ́. Kí a da ife omi gbígbóná kan àti àbọ̀ sí i, kí a gbé e ka iná, kí a sì máa rò ó títí yóò fi ki bí ẹ̀kọ mímu. Bí ó bá ti tutù, kí a pín in sínú abọ́ mẹ́ta, kí a sì fi àwọ̀ sí i: búlúù ìfọṣọ fún ọ̀kan, osùn lílọ̀ fún ọ̀kan, èédú tí a lọ̀ kúnná fún ọ̀kan.

Kí a fi aṣọ tútù nu ojú bébà kí ó lè tẹ́, kí a sì fi búrọ́ọ̀ṣì tàbí kànìnkànìn kun ẹ̀kọ aláwọ̀ náà sí i ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Kí ó tó gbẹ, kí ọmọ mú ìyarun, tàbí páálí tí a ti gé eyín sí létí, kí ó fi fa ìlà: ìlà gbọọrọ, ìlà wúruwùru bí ìgbì omi, ìlà tí ó dábùú ara wọn bí ẹní. Ibi tí eyín ìyarun bá gbà kọjá ni funfun bébà yóò ti hàn. Kí a sá a sí ibòòji, kì í ṣe sínú oòrùn líle, kí ó má ba à ká kò. Bí ó bá gbẹ tán, kí a tò ó sábẹ́ àwọn ìwé wúwo di ọjọ́ kejì.

Ẹ̀kọ yìí kì í pẹ́ kí ó tó kan, aáyán sì fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ̀n tí a ó lò tán lọ́jọ́ kan tàbí méjì ni kí a sè, kí a sì pa bébà tí ó gbẹ mọ́ sínú agolo.

VI. Gígé, Ṣíṣẹ́po àti Títò

Bébà dà bí igi: ó ní ojú ibi tí ó là sí. Kí ọmọ fi ọwọ́ méjèèjì tẹ bébà ní gbọọrọ láìjẹ́ kí ó ṣẹ́, kí ó sì tún tẹ̀ ẹ́ ní ìbú. Ibi tí ó bá ti rọ̀ jù ni ojú ìlà rẹ̀; bí a bá ṣẹ́ ẹ po níbẹ̀ yóò dán, bí a bá ṣẹ́ ẹ lódì yóò ṣán wúruwùru. Kí a gé bébà líle ní íǹṣì 8 ní gígùn àti íǹṣì 5 ní ìbú. Kí a fi rúlà àti ẹ̀hìn ọ̀bẹ fa ojú ìṣẹ́po ní àárín gan-an, kí a tó ṣẹ́ ẹ. A ó ní káàdì tí ojú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 4 sí 5.

Níbi yìí ni ìṣirò wọlé. Bí òǹtẹ̀ bá jẹ́ íǹṣì kan ní ìgun mẹ́rin, mélòó ni yóò kún ojú káàdì? Ogún. Bí a bá tẹ ọ̀kan tí a sì fo ọ̀kan ńkọ́? Mẹ́wàá. Kí a jẹ́ kí wọ́n fi pẹ́ńsù fa ìgun náà ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Kí wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà àtijọ́. Kí a tẹ́ aṣọ tí ó rin fún àwọ̀ sínú àwo, kí a gbé òǹtẹ̀ lé e lẹ́ẹ̀kan, kí a gbé e lé bébà, kí a tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin láìfì í, kí a sì gbé e sókè tààrà. Àwọn ọmọ a máa rò pé agbára ni ó ń mú kí òǹtẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ti sọ pé ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Àwọ̀ púpọ̀ àti ìtẹ̀ líle ni ó ń ba òǹtẹ̀ jẹ́ jù lọ.

Kí a má ṣe fi ọ̀ṣọ́ kún gbogbo ojú káàdì. Ìdámẹ́ta bébà aláràbarà, òǹtẹ̀ ní ìlà kan tàbí méjì, àti àyè funfun fún ọ̀rọ̀: ó tó. Bí a bá fẹ́ lẹ bébà aláràbarà mọ́ káàdì, kí a fi ẹ̀kọ tí kò ní àwọ̀ pa ẹ̀hìn rẹ̀ ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, kí a sì tún fi ìwé tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ títí yóò fi gbẹ.

VII. Ọ̀rọ̀ Inú Rẹ̀

Apá yìí ni a fẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ wa fara balẹ̀ sí jù. Ká ní olùkọ́ kọ "Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún" sára pátákó, tí ó sì ní kí gbogbo ọmọ dà á kọ fún bàbá àti ìyá wọn. Nínú kíláàsì náà ni ọmọ kan wà tí ìyá rẹ̀ kú ní sáà tí ó kọjá. Òun náà yóò dà á kọ, nítorí ọmọ rere ni, yóò sì mú káàdì náà lọ sí ilé tí kò sí ẹni tí yóò gbà á. Olùkọ́ kò ní èrò ibi, ṣùgbọ́n ó ti ṣe é ní ibi, nítorí pé ó kíni láìbéèrè.

Ọ̀nà tí ó dára ni pé kí olùkọ́ béèrè ohun mẹ́ta, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan sì fi ọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ dá a lóhùn: Ta ni o fẹ́ kí? Kí ni ó ń ṣe ẹni náà ní ọ̀sẹ̀ yìí? Báwo ni a ṣe ń kí ẹni tí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bá dé bá? Ọmọ tí ìyá rẹ̀ kú lè kí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tí ó ń tọ́jú rẹ̀: "Ẹ kú aájò mi." Ẹni tí bàbá rẹ̀ wà ní ìdálẹ̀ lè kí ìyá rẹ̀: "Ẹ kú ojú lọ́nà." Gbogbo kíláàsì lè kí ẹlẹgbẹ́ wọn tí ó dùbúlẹ̀ àìsàn: "Pẹ̀lẹ́ o, ara rẹ yóò yá. A fi àyè rẹ sílẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì."

Kí a ṣọ́ àwọ̀ pẹ̀lú. Káàdì tí ń lọ sí ilé ọ̀fọ̀ kò gbọdọ̀ pọ́n kí ó sì dán. Búlúù kan pẹ̀lú àyè funfun tó. Kí a ṣọ́ "ẹ" àti "o": àgbà ni a ń kọ "ẹ" sí, ẹgbẹ́ ni a ń kọ "o" sí. Kí a sì ṣọ́ àmì gan-an. Ọmọ tí ó bá fẹ́ parí káàdì rẹ̀ sí "Pẹ̀lú ọ̀wọ̀" tí ó wá gbàgbé ìlà abẹ́ rẹ̀, "Pẹ̀lú òwò" ni bàbá rẹ̀ yóò kà, yóò sì máa ro ohun tí ọmọ náà fẹ́ tà fún òun.

VIII. Ètò Rẹ̀ Nínú Kíláàsì

Ẹ̀kọ́ mẹ́ta, ogójì ìṣẹ́jú lọ́kọ̀ọ̀kan, ni a dámọ̀ràn fún kíláàsì kẹrin.

Ẹ̀kọ́ kìíní: ìbéèrè mẹ́ta tí a sọ lókè yìí, lẹ́hìn náà bébà aláràbarà. Kí olùkọ́ ti se ẹ̀kọ sílẹ̀. Kí ó pín àwọn ọmọ sí ọ̀wọ́ ẹlẹ́ni márùn-ún, abọ́ àwọ̀ kan sí ọ̀wọ́ kan.

Ẹ̀kọ́ kejì: òǹtẹ̀. Olùkọ́ yóò fi bí nǹkan ti ń yí padà nínú dígí hàn wọ́n. Àwọn ọmọ yóò gé òǹtẹ̀ tiwọn, wọn yóò ka ìgun, wọn yóò tẹ̀ ẹ́ sórí bébà àtijọ́, lẹ́hìn náà sórí káàdì.

Ẹ̀kọ́ kẹta: ọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé wọn, kí olùkọ́ wo àmì rẹ̀, kí wọ́n tó kọ ọ́ sínú káàdì. Lẹ́hìn èyí ni kí wọ́n lẹ bébà aláràbarà mọ́ ọn.

Nígbà tí a bá ń yẹ iṣẹ́ wò, kí a má ṣe fún káàdì tí ó lẹ́wà jù ní ipò kìíní kí a sì dákẹ́. Kí a béèrè lọ́wọ́ ara wa pé: bí a bá bo orúkọ ẹni tí a kọ ọ́ sí, ǹjẹ́ a lè mọ irú ẹni tí ó jẹ́? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ọmọ náà ti yege, bí òǹtẹ̀ rẹ̀ tilẹ̀ wọ́.

Ẹlòmíràn lè wí pé iṣẹ́ yìí ń gba àkókò tí ó yẹ kí a fi kọ́ ìṣirò àti ìwé kíkà. Ìdáhùn wa ni pé a ti rí ìṣirò nínú rẹ̀, a ti rí ìwé kíkọ, a sì ti rí ìtàn àti ìmọ̀ nípa ìwà ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ sí èyíkéyìí nínú wọn, ọmọ tí ó ti kọ́ láti béèrè ohun tí ń ṣe ẹnì kejì rẹ̀ kí ó tó la ẹnu kí i ti kọ́ ohun kan tí ìdánwò kò lè wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí àwa tí yóò kọ́ ọmọ ẹlòmíràn kọ́kọ́ ṣe ọ̀kan fúnra wa kí sáà yìí tó parí, kí a sì fi í ránṣẹ́ sí ẹnì kan tí ó ń dúró de ìkíni wa.